Ẹ jẹ́ kí n parí àlọ́ Àparò: lẹ́tà ṣíṣí sí Dírẹ́tọ̀ ilé-ìwé ọmọ mi ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin

Bàbá Dírẹ́tọ̀,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni aránṣọ ẹ̀bá ọ̀nà Ìlárá, ìyá ọmọbìnrin kan ní kíláàsì CI yín, ọdún àkọ́kọ́ alákọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú aṣọ kakí tí ẹ ń rí lára àwọn ọmọ ní ọgbà yín, ọwọ́ mi ló ti jáde. Mo kọ́kọ́ fẹ́ wá bá yín nílé lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, tí ẹ ní kí n dá àlọ́ Yorùbá tí mo ń kà fún àwọn ọmọ dúró, kí a sọ ọ́ láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ti ní kí òbí má wọ kíláàsì mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tèmi nìkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta, kí ẹ̀yin rí ohun tó wà nínú mi, kí àwọn náà sì rí i. Bí gbólóhùn kan bá le níbẹ̀, ẹ forí jì mí, kì í ṣe àfojúdi.

Kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí n kò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́ fún yín látìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wọn ló ránṣẹ́ sí àwa òbí pé kí a wá fi iṣẹ́ ọwọ́ wa han àwọn ọmọ. Akọ̀pẹ kan wá, ìyá kan tó ń din àkàrà wá, èmi náà wá. Mo mú àlùmọ́gàjí, òwú àti àjákù aṣọ dání. A wọn apá, a wọn ẹsẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí a ṣe tán, àkókò ṣẹ́kù. Kàyé kan wà nínú báàgì mi tí mo fi ń kọ àlọ́ ìyá mi sílẹ̀, nítorí ìyá mi ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, n kò sì fẹ́ kó lọ tòun ti àlọ́ rẹ̀. Mo ní kí n ka ọ̀kan fún wọn. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí mo ṣe kà á tán, wọn kò jẹ́ kí n di ẹrù mi: “Màmá, ẹ tún un kà! Ẹ tún un kà!” Olùkọ́ bá ní kí n máa bọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó ti rẹ àwọn ọmọ, tí ẹ̀kọ́ kò wọ etí wọn mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ni mo lọ, kò sí ìyọnu. Ìkẹrin ni ẹ bá wa níbẹ̀.

Bàbá, ariwo lẹ gbọ́ tí ẹ fi wá. Ariwo náà sì pọ̀ lóòótọ́, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, torí nígbà tí ẹ fi máa wọlé, ohun tó yẹ kí ẹ rí ti kọjá.

Àlọ́ Àparò ni mo ń kà. Àparò lọ pọn omi lákòókò ọ̀dá, ó gbé igbá omi tó kún dẹ́nu lérí, kò wá rí ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́. Kò lè dá a sọ̀, omi á dànù. Ó ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn. Ibi tó bá dé, á kọrin pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun sọ̀ ọ́, àwọn ọmọ á sì máa gbè é. Alẹ́ ni mo kọ àlọ́ yìí, lẹ́yìn iṣẹ́, tí mo ń sáré kí oorun tó gbé ìyá mi lọ. N kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń kà á lọ fún àwọn ọmọ, mo dé ibi tí mo kọ “igba” sí lásán bẹ́ẹ̀, ahọ́n mi yọ̀, mo pè é ní “igbà”. Mo ní Àparò gbé igbà lérí.

Kíláàsì dákẹ́. Ọmọkùnrin kan wà ní bẹ́ǹṣì kejì, ọmọ akọ̀pẹ tó wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó na ọwọ́ sókè, kò sì dúró kí n pe òun. Ó ní: “Màmá, wọn kì í gbé igbà lérí. Ìdí ni wọ́n ń so ó mọ́. Igbá ni!” Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ìbàdí ká, ó fẹ̀yìn sílẹ̀ bí ẹni tó wà lókè ọ̀pẹ, kí n lè rí ohun tí igbà jẹ́. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pariwo “Igbá! Igbá!” Àwọn kan fi àtẹ́lẹwọ́ bo àtàrí bí ẹni ru omi, àwọn kan di ìdí mú bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Ariwo tí ẹ gbọ́ nìyẹn.

Ẹ bá mi wo ọmọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kò tíì lè ka ojú ìwé kan, kò sì rí ohun tí mo kọ. Etí lásán ló fi mọ̀ pé ohun tí mo kà kò lè jẹ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ó fi ohun tó mọ̀ nílé bàbá rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó tún mi ṣe, ó sì fi ìdí rẹ̀ hàn. Mo ti ń ronú lórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, lórí ẹní. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ìwé kíkà, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọmọ mi jókòó sílẹ̀ nílé, ó ń ka ẹ̀kọ́ Faransé rẹ̀ ketekete: le coq est sur le mur, àkùkọ wà lórí ògiri. Inú mi dùn, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Mo bi í pé kí ni “mur”. Ó wò mí. Ó tún gbólóhùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé ìtumọ̀ rẹ̀ máa jábọ́ bí òun bá kà á kíákíá. Bẹ́ẹ̀, ògiri ló fẹ̀yìn tì. Mo gbá ògiri náà pẹ́pẹ́ lẹ́yìn orí rẹ̀, mo ní “òun rèé”. Ó yíjú wò ó, ẹnu yà á.

N kò sọ èyí láti fi bú olùkọ́. Àwọn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lé ní àádọ́ta, èmi tí mo dúró síwájú wọn fún ìdajì wákàtí mọ bó ṣe ń rẹ ni. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi gbólóhùn àkùkọ yẹn kà, kò sí ọmọ tí yóò na ọwọ́. Wọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n á hà á sórí bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó lè mọ̀ pé ìwé Faransé ń bá òun sọ̀rọ̀, ó yẹ kó ti rí ìwé kan tó bá òun sọ̀rọ̀ rí, lédè tó fi ń pe ìyá rẹ̀.

Ẹ rán mi létí CEP, ìdánwò ìparí alákọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ náà, pé Faransé ni wọ́n ń fi ṣe é, àti pé ọdún mẹ́fà láti CI dé CM2 kì í ṣe ọdún tí a fi ń ṣeré. Òótọ́ ni. Èmi náà fẹ́ kí ọmọ mi yege, mo fẹ́ ẹ gan-an. Ẹ̀yin mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí jù mí lọ, àwọn òbí tó ń ka lẹ́tà yìí ni mo ń sọ ọ́ fún. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn ọmọ tó lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ifẹ̀ lèyí ti ṣẹlẹ̀, Ifẹ̀ kan náà tí àwa ará Kétu ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá. Èmi kò béèrè ọdún mẹ́fà. Ìdajì wákàtí ni mo ń béèrè, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ti òfin, n kò ní fa á gùn. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti 1990 sọ nínú abala 11 pé gbogbo ẹ̀yà tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè yìí ló ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ, ó sì ní kí ìjọba mú àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbèrú. Kàyé mi kò tàpá sí òfin kankan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè gbé mì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á.

Nígbà tí mo wà ní CE1, ọdún kẹta alákọ́bẹ̀rẹ̀, ní ilé-ìwé mìíràn tí kì í ṣe tiyín, a ní ohun tí wọ́n ń pè ní sìnyáàlì. Egungun màlúù ni tiwa, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n ti okùn bọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n máa gbé e kọ́ lọ́rùn, kò sì gbọdọ̀ bọ́ ọ àfi tó bá mú ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ní àsìkò òjò, ó máa ń rùn. Lọ́jọ́ kan, ó wà lọ́rùn mi láti àárọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá gbé e dé ilé máa jẹ ẹgba lọ́jọ́ kejì. A ń ṣeré lẹ́yìn kíláàsì, ọ̀rẹ́ mi tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀, ó kígbe pé “Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!” Kí ó tó fa ẹ̀gún náà yọ, mo ti gbé egungun náà kọ́ ọ lọ́rùn. Ó wò mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò ṣe ọ̀rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́dún yẹn ni mo ti gbàgbé, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé pé wọ́n kọ́ mi láti máa fetí sí ọ̀rẹ́ mi kí n lè mú un.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. N kò rí irú rẹ̀ ní ọgbà yín rí, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wọlé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, tí ẹ ní kí n pa kàyé dé, pé ilé-ìwé nibí, tépù ìwọnṣọ mi wà lọ́rùn mi, mo ti gbàgbé láti yọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo di í mú bí mo ṣe ń jáde lójú àwọn ọmọ.

Owó ló mú mi kúrò nílé-ìwé ní CE2. Àgbà ni mo tó mọ Yorùbá kà. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe ní alẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa ní lẹ́tà tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí láti 1975: ɛ, ɔ, sh, kp. Mo tún dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá ẹ, ọ, ṣ, p nínú Bíbélì tó ti Nàìjíríà wá. Ẹ bi mí nípa èyí, ẹ ní ìkọsílẹ̀ wo ni mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ, ti wa tàbí ti Nàìjíríà. Ìbéèrè gidi ni, ó sì ti fún èmi náà ní wàhálà. Ṣùgbọ́n kíkà sétígbọ̀ọ́ ni tèmi, Bàbá. Ẹni tó ń gbọ́ kò rí àmì ìsàlẹ̀, kò rí ɛ. Bí mo bá pe ẹyẹ, ẹyẹ ló ń fò lójú rẹ̀. Nígbà tó bá tó àkókò kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn ọ̀gá yín ni yóò sọ èyí tí wọn yóò fi kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé èyí tí ẹ bá mú, kí ẹ má yọ àmì ohùn kúrò. Ọmọ akọ̀pẹ ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ní ti àwọn ọmọ tí èdè ilé wọn kì í ṣe Yorùbá, ẹ ní wọn kò gbọdọ̀ jókòó bí àlejò. Mo fara mọ́ ọn. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì náà tó jẹ́ Bàrùbá, iṣẹ́ ló gbé bàbá rẹ̀ dé Kétu. Ó ń gbè orin Àparò ju ọmọ mi lọ, torí Yorùbá ló fi ń ṣeré, òun ló fi ń ra àkàrà. Síbẹ̀, mo lọ bá ìyá rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀wé. Mo ní kó sọ àlọ́ tirẹ̀ lẹ́nu, lédè tirẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó máa túmọ̀ fún àwọn yòókù. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè bojú, ó ní ìgbà wo. N kò tíì mọ ohun tí màá sọ fún un. Akọ̀pẹ náà kò mọ̀wé, ó sì ti sọ pé òun máa wá. Mo ní kó yà lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ tó ṣáájú, kó pa á fún mi, kí n kọ ọ́, kí ọmọ rẹ̀ lè rí ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá rẹ̀ lórí ìwé.

Ìlú wa kọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí le fún. Nígbà tí ogun Dàhómì fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n sun ìlú, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú, ohun tí àwọn tó padà wá fi tún ìlú ṣe, ẹnu ló wà: orúkọ àwọn Alákétu léraléra, ìtàn Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi ìlú wa, oríkì ilé kọ̀ọ̀kan, orin Ẹ̀fẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ìṣúra fún gbogbo aráyé, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ orin rẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí àlejò ń ti òkèèrè wá gbọ́ èdè wa lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí kò sì gbọdọ̀ wọ kíláàsì wọn ní aago mẹ́rin. Mo ní kó lọ sùn. N kò ní ìdáhùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹ jẹ́ kí òbí kan máa wọ kíláàsì CI ní ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́rin ààbọ̀, kí ó ka ohun kan fún àwọn ọmọ tàbí kí ó sọ ọ́. Kí olùkọ́ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí a fẹ́ kà kí a tó kà á, a ó mú un wá ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Ní ti ariwo, òótọ́ lẹ sọ, CM2 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n sì nílò ìdákẹ́jẹ́. A lè jáde lọ sábẹ́ igi, bí òjò kò bá rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àṣẹ àwọn ọ̀gá yín ni ẹ̀ ń dúró dè, ẹ sọ fún wa ẹni tí a máa kọ̀wé sí. Àwa òbí yóò buwọ́ lù ú, ẹni tí kò mọ̀wé yóò tẹ̀ka, a ó sì gbé e lọ fúnra wa. A kò fẹ́ kí ẹ̀yin nìkan ru ú.

Àwọn ọmọ ṣì ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí wọ́n bá jáde ní ọ̀sán, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní: “Màmá, ṣé wọ́n ti bá Àparò sọ̀ ọ́?” Màá ní rárá o, ó ṣì gbé e lérí, ó wà lẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá. Mo fẹ́ parí rẹ̀ fún ọmọ mi nílé, ó di etí méjèèjì. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ ṣáájú àwọn yòókù.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, màá wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà ọgbà yín pẹ̀lú kàyé mi. Bí ẹ bá ní kí n wọlé, màá wọlé. Bí ẹ bá ní kò tíì yá, màá padà sídìí iṣẹ́ mi, màá sì tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ti fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
aránṣọ ẹ̀bá ọ̀nà Ìlárá, Kétu